Iná Tí Kò Wolẹ̀

Rọ́bà kékeré kan ló jí ẹjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ sin. Dúdú ni, ó rí rìbìtì bí ìdérí ife, inú kòtò kan lójú títì ni wọ́n ti rí i, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ìdajì. Láti ibẹ̀ sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ tíṣà ti gbẹ mọ́ ọ̀dà, ogójì ìṣísẹ̀ ni. Kọ́ńsítébù ti gbé ẹsẹ̀ láti ta á sínú koríko.

"Má bínú," ni obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wí, "dá ẹsẹ̀ yẹn padà síbi tó ti ń bọ̀."

Kọ́ńsítébù dá ẹsẹ̀ padà. Ẹni tó bá ti bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì á ti mọ̀ pé tó bá ti ní "má bínú", nǹkan ti bàjẹ́ fún ẹnì kan nìyẹn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olè ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ-má-bínú kí àwọn ọlọ́pàá tó gbà á lẹ́nu wọn. Kì í pariwo, kì í gbá tábìlì. Ẹ má bínú, níbo lẹ wà lánàá? Ẹ má bínú, ẹ̀jẹ̀ ta ló wà létí aṣọ yín yẹn? Abèèrè kì í ṣìnà, òun sì ti sọ ìbéèrè di ọ̀pá ìtìlẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú rọ́bà náà, ó fi omi inú kòtò ṣàn án. Ẹnì kan ti dá ihò sí i láàárín. Etí ihò náà kò dán, ó rí wágunwàgun bí eyín ayùn.

"Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Rọ́bà ni, mà."

"O káre. Ẹnu rẹ ò parọ́."

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò gùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ojú ọjọ́ ń wọ̀, tí òjò winniwinni ń sẹ̀, ọkọ̀ búrẹ́dì gbá tíṣà kan lójú títì yìí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ kan ṣoṣo tí télọ̀ bí. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́. Awakọ̀ náà kò sá. Inú òjò ni wọ́n bá a tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, tó fi fìlà rẹ̀ bò ó lójú kí omi má baà máa kán sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń sọ láti ìgbà náà: ọkọ̀ kan tó ní iná funfun bí oòrùn ló pàdé òun, iná náà ló fọ́ òun lójú.

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá ní irọ́ ni. Ẹ̀rí wà. Télọ̀ fúnra rẹ̀ wà lójú títì ní àsìkò náà, ó ń lọ gbé ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ó ti búra pé láti ẹnu ọ̀nà òun títí dé géètì ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ búrẹ́dì nìkan lòun pàdé, kò sí ọkọ̀ mìíràn níwájú òun, kò sí lẹ́yìn òun. Ọkọ̀ télọ̀ ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló mọ iná ọkọ̀ yẹn. Ó pọ́n bàìbàì bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Káfíńtà tí ilé wọn kọjú síra a máa sọ pé bí télọ̀ bá fẹ́ jáde nírọ̀lẹ́, kó kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì kó fi wá iná ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni ẹjọ́ ń lọ sí kóòtù. Ọjọ́ Ẹtì nìyí. Bí kò bá sí ọkọ̀ oníná funfun, ẹ̀wọ̀n ni awakọ̀ búrẹ́dì ń lọ.

"Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni Ìyá Ẹ-má-bínú wí. Ó di rọ́bà náà sínú ìwé ìròyìn. "Ọ̀gá ti gbọ́ ti télọ̀. Jẹ́ ká lọ gbọ́ ti ẹni tó wà lẹ́yìn irin."

* * *

Awakọ̀ náà sanra, ó ti lé lógójì ọdún, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú ìrán bàtà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò gbójú sókè.

"Ẹ má bínú, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi, Màmá."

"Ọtí ńkọ́? Ṣé ó gba ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Mi ò fẹnu kan ọtí rí. Ẹ bi ìyàwó mi. Ẹ bi àwọn tó kórìíra mi pàápàá."

"Fóònù?"

"Inú àpò ẹ̀wù tí mo so kọ́ ẹ̀yìn àga ló wà. Ibẹ̀ làwọn ọlọ́pàá yín ti mú un."

"Ó dáa. Ẹ sọ ti iná yẹn fún mi. Ẹ má sọ bó ṣe dùn yín tó. Ohun tí ojú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ."

Ọkùnrin náà di ojú. "Ọ̀kánkán ló ti ń bọ̀. Màmá, iná ọkọ̀ tó kù, ilẹ̀ ló máa ń wò. Eléyìí ń wo ojú mi, ó tún ń wo orí igi. Mo rí ewé lókè téńté bí ẹní rí i lọ́sàn-án, àmọ́ mi ò rí títì tí táyà mi wà lórí rẹ̀. Mo ṣẹ́ iná sí i lẹ́ẹ̀mejì, pé kó jọ̀ọ́, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?"

"Ńṣe ló tún gbé e sókè! Iná fúùlù ló fi dá mi lóhùn. Mo tẹ bíréèkì. Ó kọjá mi. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan báyìí, àwọ̀ ewé, ló ń fò lójú mi. Mo ṣẹ́jú, ó wà níbẹ̀. Mo tún ṣẹ́jú, ó wà níbẹ̀. Mo wá gbọ́…"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Irú ọkọ̀ wo ni?"

"Ta ló ń rí ojú ẹni tó gbé oòrùn sọ́wọ́?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dìde. Ó ti fẹ́ jáde nígbà tí awakọ̀ náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọmọ mi kejì wà ní kíláàsì rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ tó fi mọ ìwé kà. Lánàá, nígbà tí ìyàwó mi wá, ó ní ọmọ náà ń bi òun pé ta ló máa kọ́ àwọn ní ìṣirò báyìí." Ó fi ọwọ́ nu imú. "Bóyá ẹ lè bá mi wá èsì tí màá fún un."

* * *

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan ni wọ́n bá rẹ́wáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó fa ara rẹ̀ jáde, ó yí rọ́bà náà lọ́wọ́.

"Ẹ̀yìn iná iwájú ọkọ̀ lèyí ti já o. Ìdérí ni. Òun ni kì í jẹ́ kí omi àti eruku débi tí gílóòbù wà."

"Ẹ má bínú, kí ló dé tí wọ́n dá a lu?"

"Ẹni tó fẹ́ fi ẹlíìdì rọ́pò halójìn ló ṣe é." Ó na ọwọ́ sínú àpótí, ó mú gílóòbù méjì jáde. "Ẹ wò ó. Halójìn nìyí, ti àtijọ́. Wáyà tín-ín-rín ló ń jó nínú gíláàsì yìí, iná rẹ̀ máa ń pọ́n. Ẹ má fọwọ́ kàn án, òróró ọwọ́ máa ń ba gíláàsì rẹ̀ jẹ́. Èyí wá ni ẹlíìdì. Kò sí wáyà tó ń jó nínú rẹ̀, ojú méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó mọ́lẹ̀, kì í jẹ bátìrì. Àmọ́ ìdí rẹ̀ tóbi. Fáànù wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ ooru kúrò. Ìdérí ò ní lè padé mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn nílé á wá dá ìdérí lu, kí ìdí gílóòbù lè yọ síta."

"Ṣé ewu wà níbẹ̀?"

"Tó bá wọlé dáadáa, kò séwu. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀gbẹ́. Tí wọ́n bá yí i sódì, tí ọ̀kan ń wòkè tí ọ̀kan ń wolẹ̀, á bàjẹ́ ni. Iná á tú ká bí adìẹ tí wọ́n sọ òkò sí. Ẹni tó ń wakọ̀ á rò pé òun ń ríran. Ẹni tó ń bọ̀ ní ọ̀kánkán lojú rẹ̀ ń fọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọjú ọkọ̀ oníbàárà sí ògiri kí n tó gbà fún un kó lọ. Iná tó dáa á fàlà sára ògiri bí ẹni fi rúlà fà á. Ìsàlẹ̀ á mọ́lẹ̀, òkè á ṣókùnkùn."

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin kọ́ lẹ gé eléyìí?"

"Èmi?" Ó dà bíi pé wọ́n bú u. "Ọ̀bẹ ni mo fi ń gé tèmi, á dán bí ẹnu ìgò. Ẹ wo èyí bí ohun tí eku jẹ!"

"Ta ló tún ní iná funfun ní sàkáání ibí?"

"Káfíńtà nìkan ni mo ṣe é fún. Ẹ lọ bá a. Ẹ kàn mọ́kàn le o, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn iná yẹn, ẹ ò ní tètè kúrò níbẹ̀."

* * *

Káfíńtà ń fá pákó lọ́wọ́. Nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, níbo lọkọ̀ yín wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Èmi wá ni mo fọ́ awakọ̀ lójú tó fi pa ọmọ télọ̀? Ọmọ tó jẹ́ pé èmi ni mo kan àga tó kọ́kọ́ jókòó lé?"

"Mo ní níbo lọkọ̀ yín wà."

"Ibi tó wà yìí náà ni." Ó tọ́ka. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, kò ní táyà ẹ̀yìn kankan, alángbá méjì ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. "Láti ọjọ́ Àìkú ló ti wà bẹ́ẹ̀. Tó bá fi lè rìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í bó ṣe ṣe é, kí n má ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táyà mọ́."

Kọ́ńsítébù rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Ìyá Ẹ-má-bínú ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdérí méjèèjì wà níbẹ̀, ihò àárín wọn dán. Ó ní kí wọ́n tan iná sí ògiri. Lábẹ́ òjìji ṣọ́ọ̀bù, ìlà funfun náà dúró gbọọrọ, òkè rẹ̀ dúdú. Ọ̀nà tó dà bí ẹni pé ó là ti dí padà.

"Télọ̀ ńkọ́?" ló bèèrè. "Ẹ̀yin méjèèjì ń ríra?"

Ojú káfíńtà rọ̀. "Ó ń ti ilẹ̀kùn ni. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti ibí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Ó gbọn eruku pákó kúrò ní orúnkún. "Èmi náà ni mo máa ń fi iná ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo fi tèmi hàn wọ́n, ọmọ yẹn ní, 'Bàbá Káfíńtà, ẹ jẹ́ kí owó oṣù mi wọlé, màá ra irú ẹ̀ fún bàbá mi, kẹ́ ẹ lè panu mọ́.' Mo ní kò dájú. Áà. Kò ráyè rà á mọ́."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Ta ló sọ fún yín pé kò rà á?"

"Tó bá rà á, ṣebí èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn? Èmi ò rí iná kankan."

* * *

Ó ku ẹnì kan. Ìyá eléèédú ní búkà onípákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítòsí ibi tí ọ̀nà àbùjá láti ilé ẹ̀kọ́ ti yọ. Àwọn ọlọ́pàá ti bi í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ ìlà kan péré: ó rí olóògbé tó ń sáré láàárín títì. Ọ̀gá àgọ́ kò kà á sí. Àmọ́ ìlà yẹn ti há sọ́nà ọ̀fun Ìyá Ẹ-má-bínú bí egungun ẹja. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń sọdá títì, kí ló ń ṣe láàárín rẹ̀?

"Ọ̀nà àbùjá ló gbà yọ," ni ìyá eléèédú wí. "Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Èmi ò wo ọkọ̀, èédú ni mò ń bò kí òjò má baà rin ín. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ló sáré gbà. Ó ń ju ọwọ́, ó ń pe nǹkan kan, òjò ò jẹ́ kí n gbọ́."

"Ẹ má bínú, Màámi. Ṣé ó ń sá fún nǹkan ni, àbí ó ń lé nǹkan?"

Ìyá àgbàlagbà náà wò ó. "Ẹni tó ń sá fún nǹkan kì í rẹ́rìn-ín."

* * *

Wọ́n padà sí àgọ́. Ìyá Ẹ-má-bínú jókòó, ó tẹ́ rọ́bà náà sórí tábìlì, ó ń wo etí ihò rẹ̀. Rẹ́wáyà á lo ọ̀bẹ. Káfíńtà á lo ayùn tàbí ọ̀bẹ. Irinṣẹ́ wo ló ń ṣe eyín wẹ́wẹ́ báyìí? Ó kà wọ́n. Eyín mẹ́fà, àlàfo kan tí kò ní eyín, eyín mẹ́fà, àlàfo. Irinṣẹ́ náà ti ká léyín kan.

Ó gbé ọwọ́ láti nu ojú rẹ̀. Apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ yí sókè, inú rẹ̀ hàn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

Ó yí etí apá aṣọ náà sóde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà. Eyín mẹ́fà, àlàfo kan. Eyín mẹ́fà, àlàfo kan.

"Ta ló rán aṣọ wa?" ló bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Télọ̀ ni, mà. Òun ló ń rán ti gbogbo àgọ́ yìí."

"Àlùmágàjí eléyín ni wọ́n fi ń gé etí aṣọ, kó má baà yọ òwú. Rọ́bà kì í yọ òwú. Ta ló máa fi àlùmágàjí eléyín gé rọ́bà, àfi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé kò rò ó mọ́?"

Kọ́ńsítébù la ẹnu sílẹ̀. "Mà, ṣùgbọ́n télọ̀ ní òun ò rí ọkọ̀ oníná funfun kankan."

"Kò parọ́. Awakọ̀ náà ò parọ́. Télọ̀ ní ọkọ̀ búrẹ́dì nìkan lòun pàdé. Ọlọ́búrẹ́dì ní ọkọ̀ kan ṣoṣo lòun pàdé. Àwọn méjèèjì ló pàdé ara wọn. Má bínú, ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ta ló dé kẹ́yìn?"

"Télọ̀ ni. Wọ́n sọ fún un nílé ẹ̀kọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti lọ, ó bá yí padà. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ lókèèrè, ó sáré…" Kọ́ńsítébù dánu dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi ṣíji bo ojú, bí ẹni tó tún wà nínú òjò ọjọ́ náà. "Iná kan tàn sí wa lójú, mà. Mo rò pé ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló dé. Ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, ni mo wa ọkọ̀ télọ̀ lọ sílé fún un."

"Ọ̀sán gangan. Kò sẹ́ni tó tan iná rẹ̀." Ó ká rọ́bà náà sínú ìwé. Ó ti yanjú àlọ́ tó ju èyí lọ, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Lónìí, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ń wá, tó bá ejò níbẹ̀.

"Ṣé dandan ni ká sọ fún un, mà?"

"Bí a bá dákẹ́, ta ló máa lọ sẹ́wọ̀n?"

* * *

Yàrá iwájú ilé télọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Àlùmágàjí méjì fi ara kọ́ ìṣó, ọ̀kan ẹnu rẹ̀ dán, ọ̀kan eléyín. Télọ̀ fúnra rẹ̀ tín-ín-rín, irun rẹ̀ ti funfun, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dájú pé ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Gbogbo ayé ló ń sọ fún mi pé kí n má bínú. Tí mi ò bá bínú, kí ni kí n wá ṣe?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jókòó tì í. "Ẹ tún sọ ti ọjọ́ náà fún mi."

"Mo pàdé ọkọ̀ búrẹ́dì. Ó ń ṣẹ́ iná bí ọmọdé tó ń ṣeré. Lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ó ń kí mi, torí ó mọ̀ mí. Mo gbé tèmi sókè, mo fi dá a lóhùn. Mo wá kó sí kòtò, mo gbọ́ gbì, mo ní kòtò yìí máa yọ táyà mi lọ́jọ́ kan. Mo lọ."

"Bàbá, iná tuntun wà lára ọkọ̀ yín."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan kan tàn díẹ̀ lójú télọ̀. "Ọmọ mi ló rà á. Ó ní ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, pé òun ò fẹ́ kí n ṣubú sí gọ́tà. Ọjọ́ Ajé la fi í sí i. Ó ní kí n gbé e fún rẹ́wáyà. Mo ní, ọwọ́ tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ṣé gílóòbù ló máa ṣòro fún? Ọ̀kan wọlé wẹ́rẹ́. Èkejì ń kọ̀, wáyà tó ń dì í mú ò dé ibi tó yẹ. Mo yí i títí ó fi gbà. Òun ló ń bá mi tan tọ́ọ̀ṣì." Ó na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó mú ìrépé aṣọ kan jáde, ó tú u. Gílóòbù àtijọ́ méjì wà nínú rẹ̀. "Ó ní kí n má jù wọ́n nù, pé wọ́n ṣì lè wúlò."

"Ẹ wò ó lára ògiri?"

"Mo wò ó! Ó mọ́lẹ̀ dé orí òrùlé. A pàtẹ́wọ́, èmi àti òun."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo ilẹ̀. Ó mú rọ́bà jáde, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Télọ̀ kò bèèrè ohun tó jẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń tọ etí ihò náà lọ, eyín lẹ́yìn eyín, bó ṣe máa ń tọ etí aṣọ.

"Àwọn ọlọ́pàá bi mí bóyá mo rí ọkọ̀ oníná funfun," ló sọ níkẹyìn. "Mi ò rí i."

"Ẹni tó wà lẹ́yìn iná kì í rí i, Bàbá."

"Kò sẹ́ni tó bi mí nípa tèmi."

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká jáde."

Oòrùn ti wọ̀. Wọ́n ká tápólì kúrò lórí ọkọ̀. Ìyá Ẹ-má-bínú gbé àga fún télọ̀ ní ìpẹ̀kun àgbàlá, ní ọ̀kánkán ọkọ̀ náà. Ó fún kọ́ńsítébù ní aṣọ funfun kan láti orí tábìlì, ó ní kó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó tan iná.

Ìmọ́lẹ̀ bo àgbàlá. Ó gun ògiri, ó gun òrùlé, ó dé orí igi inú ọgbà kejì. Télọ̀ fi apá bojú.

"Ẹ sọ fún mi, Bàbá, níbo ni kọ́ńsítébù wà?"

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Aṣọ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fì í sí yín."

Télọ̀ sọ apá kalẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ na ọwọ́ láti pa iná.

"Ẹ má pa á." Ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sínú ìmọ́lẹ̀ náà, omi ń dà láti inú wọn, kò ṣẹ́jú. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó bí ọkùnrin yẹn ṣe wò ó."

Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Gbì tí mo gbọ́ yẹn. Kòtò ni, àbí?"

Ìyá Ẹ-má-bínú ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Kí ló ń ṣe láàárín títì? Ọmọ tó ń di ọwọ́ àwọn ọmọ kékeré mú kí wọ́n fi sọdá. Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Ẹnì kan rí i. Ó ní ó ń ju ọwọ́. Ó ní ó ń rẹ́rìn-ín."

Télọ̀ mi orí, bí ẹni tó ń wọn aṣọ tó sì ti rí i pé ó pé.

"Ó mọ iná náà," ló wí. "Òun ló rà á. Ó rí i tó ń kọjá, ó mọ̀ pé èmi ni. Ó ń sáré tẹ̀lé mi."

Ó dìde. Ó bọ́ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó fi í sápò. Wọ́n ní kó wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n bá a rìn.

Ní àgọ́, ọ̀gá bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó mọ ohun tó fẹ́ fọwọ́ sí, àti pé ó lè jẹ́ òun gan-an ni ẹjọ́ á yí padà sí. Télọ̀ ní kó gbé bírò wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí irin.

Awakọ̀ búrẹ́dì jáde, ó rí ẹni tó dúró níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, ó bú sẹ́kún. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, eékún rẹ̀ dún. Ó di apá ọkùnrin náà mú, ó fà á, kò lágbára tó, ó tún fà á, títí tí àwọn méjèèjì fi jókòó sílẹ̀.

"Ojú rẹ ò jẹ̀bi," ló sọ fún un. "Lọ sílé. Ọmọ rẹ ń wo ọ̀nà."

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sọ láìjẹ́ pé ó dùn ún tó báyìí.

"Má bínú."